Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹ́ńjíníà tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ráútà kọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé rẹ̀. Ìbínú tó gbé kúrò nílé láàárọ̀ kò tíì fi í sílẹ̀, ó sì ń lu bọ́tìnì bí ẹni pé bọ́tìnì ló ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà kẹrin, ó mí kanlẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ sì gbà á wọlé.

Yàrá tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí láì fara kanra. Ẹ̀yìn àtẹ̀gùn ló wà, ní ìsàlẹ̀ ilé ńlá ilé ìwòsàn náà: àpótí onírin kan tó ga dé àjà, wáyà búlúù àti wáyà yẹ́lò tó so kọ́ lára rẹ̀, fáànù kan tó ń kùn láìdákẹ́, àti àga onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ráútà wà láàárín àpótí náà, kò ju páálí bàtà lọ. Òun ló ń sọ fún ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ́ọ̀dù wá pé ibi báyìí ni kó gbà lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà ní òdìkejì títì, òun náà ló sì ń mú èsì padà wá. Bó bá ṣìnà, dókítà kò ní mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó fà sí aláìsàn lára.

Ó sì ti ṣìnà rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni, fún wákàtí méjì gbáko. Wọ́n ti gbé obìnrin kan sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti la ikùn rẹ̀, wọ́n wá ń retí èsì ẹ̀jẹ̀ tí kò dé. Nọ́ọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọdá títì pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, àfi bí ẹni pé wọn kò tíì ṣẹ̀dá kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà kò kú. Ṣùgbọ́n dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, ó sì bi Ẹ́ńjíníà lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé o kàwé ni àbí o ra ìwé ẹ̀rí?" Èébú yẹn ṣì há a lọ́fun di òní. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù.

Ó mọ ẹni tó fa èébú náà bá a. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó ti fọwọ́ sí i, ó ti gbé e fún ọ̀gá àgbà. Bàbá Wáyà ni.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Bàbá Wáyà ní ilé ìwòsàn náà. Òun ló fa gbogbo wáyà inú ilé, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ọ̀nà sínú ráútà: bó o bá ń lọ síbí, gba ibí, bó o bá ń lọ sọ́hùn-ún, gba ọ̀hún. Ọ̀nà mọ́kàndínlógójì ni, ó mọ̀ wọ́n lórí bí orúkọ ọmọ. Oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì. Òun náà ló kọ́ Ẹ́ńjíníà níṣẹ́ nígbà tó dé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tó ní ìwé ẹ̀rí tó ń dán gbinrin ṣùgbọ́n tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bó wáyà. Àwọn èèyàn a máa ní bàbá àtọmọ ni wọ́n, wọn ò sì parọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ dàgbà, ó ní ọ̀nà àfọwọ́kọ ti dogbó. Bí wáyà kan bá já, ráútà Bàbá Wáyà kò ní mọ̀. Á ṣì máa da ọ̀rọ̀ sínú wáyà tó ti kú, bí ẹni tó ń da omi sínú agbọ̀n. Ìlànà tuntun tí Ẹ́ńjíníà fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ti tuntun, ńṣe ni ráútà ń kí ráútà. Ti ilé ńlá á kí ti ilé àyẹ̀wò, ti ilé àyẹ̀wò á dá a lóhùn, kálukú á sì sọ ọ̀nà tó mọ̀ fún ẹnì kejì. Bí ọ̀kan bá dákẹ́ tí kò kíni mọ́, kì í pé ìṣẹ́jú kan tí èkejì á fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é, á sì wá ibòmíràn gbà. Bàbá Wáyà gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, ó ní, "Ẹ̀rọ olófòófó," ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wà lójú Ẹ́ńjíníà ní gbogbo ìgbà tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ìwé náà kò gùn. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, òun sì parí rẹ̀ láìsí wàhálà kí aago mẹ́wàá tó lù. Ó ní nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí òun wà lókè lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ẹnì kan pa ráútà ó sì tún un tàn, ìyẹn ló jẹ́ kó gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ tuntun tó fi padà sí ọ̀nà àtijọ́, tó ń da ọ̀rọ̀ sínú wáyà tí wọ́n ti yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà yàtọ̀ sí òun. Ẹni yẹn kan náà ló dédé wá ki wáyà àtijọ́ bọ ihò rẹ̀ nígbà tí ọgbọ́n tán nínú gbogbo èèyàn, tí ohun gbogbo fi dá. Ẹni tó mọ oògùn tó báyìí, ó ní kí wọ́n bi í bó ṣe mọ àìsàn.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ìṣirò gbé ojú sókè nínú ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì.

"Ṣé o rí i tó pa á?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́."

Ẹ́ńjíníà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ gbà, tíì dà sórí ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ta ló ní kó fi ìṣirò bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án?

Aago méjì ọ̀sán ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Wọ́n á ní kí Ẹ́ńjíníà ka ìwé rẹ̀, wọ́n á bi Bàbá Wáyà bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ, lẹ́yìn náà wọ́n á lé e. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà sì ní kí ìlànà tuntun ti máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jókòó, kí ojú gbogbo ìgbìmọ̀ lè rí i pé iṣẹ́ Ẹ́ńjíníà kò ní àbùkù, ọwọ́ ẹlòmíràn ló bà á jẹ́.

Ẹ́ńjíníà bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àṣẹ tó kọ́kọ́ tẹ̀ ni èyí tí kò sí oníṣẹ́ ráútà tó gbọ́n tí kì í tẹ̀: ó ní kí ráútà pa ara rẹ̀ kó sì tún ara rẹ̀ tàn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Ààbò ni. Ohunkóhun tí wọn ò bá tíì fi pamọ́ sínú ráútà, bó bá ti kú tó jí, á gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, bí èèyàn bá kọ ìkọkúkọ tó sì ti ara rẹ̀ mọ́ ìta, kò ní pariwo. Á jókòó jẹ́jẹ́ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi pé, ráútà á sì padà sí bó ṣe wà kí àṣìṣe tó dé. Bí iṣẹ́ bá dára, èèyàn á fagi lé àṣẹ yẹn, á fi iṣẹ́ pamọ́, ó parí. Bàbá Wáyà ló kọ́ ọ. "Kó o tó gun igi, so okùn mọ́ ìbàdí," ló máa ń wí. "Tó o bá sì sọ̀ kalẹ̀ tán, tú u kó o tó rìn." Ọwọ́ Ẹ́ńjíníà ti mọ àṣẹ náà débi pé kì í ronú kó tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé láràárọ̀ tí kò ní rántí lọ́nà pé òun tì í.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìlà kẹta nígbà tí òjìji kan bọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó mọ bí bàtà yẹn ṣe ń dún.

"O kú iṣẹ́," Bàbá Wáyà wí.

Ẹ́ńjíníà ń bá ìlà kẹta rẹ̀ lọ.

"Wọ́n ní kí n wá dá kọ́kọ́rọ́ padà."

"Ẹ gbé e síbẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà nínú àpótí onírin. Okùn pupa tó fi so ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ti ṣá di àwọ̀ ilẹ̀. Ó dúró. Kò lọ, ìyẹn ló sì bí Ẹ́ńjíníà nínú jù. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó ṣépè, ì bá sàn. Ẹ́ńjíníà yí àga oníkúkúrú-ẹsẹ̀ náà padà, igi rẹ̀ han gooro.

"Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ ní sọ nǹkan kan? Ọdún mẹ́fà ni mo fi pè yín ní bàbá! Ọjọ́ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ mi fẹ́ gbayì, ọjọ́ yẹn náà lẹ rí!"

"Mo ti sọ pé mi ò fọwọ́ kàn án."

"Irọ́ ni!"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹyin lohùn, ọ̀rọ̀ yẹn balẹ̀, ó sì fọ́, ní iwájú ẹni tó tó bàbá rẹ̀. Iṣan kan yọ lẹ́bàá ojú Bàbá Wáyà. Ó wo Ẹ́ńjíníà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo Ẹ́ńjíníà.

"Máa ṣiṣẹ́ ẹ," ó wí, ó sì lọ. Kò ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan fúnni, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ìbínú mọ iṣẹ́ ráútà í ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ́ńjíníà ń tẹ̀ ẹ́, kò ṣì í. Ó sọ fún ráútà pé aládùúgbò wà ní òdìkejì títì, kó máa kí i. Ráútà kí i. Ìkíni kìíní kò rí ìdáhùn, èkejì náà kò rí, ẹ̀kẹta ni ilé àyẹ̀wò jẹ́ hẹ̀n-ín, ni ọ̀nà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sójú kọ̀ǹpútà fúnra wọn láìsí ẹni tó kọ wọ́n. Ó kà wọ́n. Mọ́kàndínlógójì, kò dín kan. Ó wá ń pa ọ̀nà àfọwọ́kọ Bàbá Wáyà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbádùn rẹ̀, ká sòótọ́. Ó tu wọ́n bí ẹni tó ń tu ìyẹ́ adìẹ.

Ó pe ilé àyẹ̀wò lórí fóònù.

"Èsì ti ń lọ o!" obìnrin tó gbé e níbẹ̀ wí. "Ó tiẹ̀ yá ju ti àná lọ. Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ́ńjíníà wa!"

Ó dìde. Ó ju fóònù sínú báàgì, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń lọ sókè lọ sọ fún ọ̀gá àgbà. Ó ti gun àtẹ̀gùn mẹ́ta nígbà tó rántí pé òun fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ lórí àga. Ó bú ara rẹ̀, ó bú àga, ó padà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú ìwé náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ti yọ síbẹ̀ nígbà tó kẹ̀yìn. Ráútà ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá wà níbẹ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí òun pa ara òun kí òun sì tún ara òun tàn.

"Yéè!"

Ó fò mọ́ bọ́tìnì. Ó fagi lé àṣẹ náà, ó fi iṣẹ́ pamọ́, ó tún fi í pamọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré! Ká ní òun kò gbàgbé ìwé ni, ká ní òun ti wà lókè lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà...

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà lókè lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Bó ṣe parí iṣẹ́ ni fóònù rẹ̀ dún: kó máa bọ̀, àwọn àlejò ti dé, wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò gbàgbé nǹkan kan sẹ́yìn, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Omi ọsàn wà nínú ife lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀.

Ó jókòó. Ó tẹ́ ìwé ẹ̀sùn sórí itan, ó wo aago méjèèjì tí òun fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀. Mẹ́sàn-án kọjá ogójì. Mẹ́wàá kọjá mẹ́wàá. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ kíláàsì ọkọ rẹ̀ á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, á sì rí ọgbọ̀n.

"Rárá," ó wí sókè. Inú tún bí i. Ṣé nítorí pé ó bá ara mu ni yóò fi jẹ́ òótọ́? Bàbá náà ṣì lè jẹ́ òun ló pa á. Ẹ̀rọ kan wà nínú ilé ìfìwépamọ́ tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ráútà ló ń kọ sílẹ̀ pẹ̀lú aago àti orúkọ. Òun àti Bàbá Wáyà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò ṣí i. Kí ló fẹ́ wá nínú rẹ̀? Ohun tó dáni lójú, wọn kì í tún wádìí rẹ̀.

Ó ṣí i láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ìlà kan péré. Iná kò lọ, ọwọ́ kankan kò sì pa á. Àṣẹ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún un ló mú kó pa ara rẹ̀, ẹni tó sì fi àṣẹ náà sílẹ̀ ni orúkọ tí Ẹ́ńjíníà fi ń wọlé lójoojúmọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá á yí padà.

Lábẹ́ rẹ̀, Akọ̀wé tún kọ orúkọ àwọn tó ti wá ka ìwé rẹ̀. Bàbá Wáyà, Ọjọ́rú, aago méje àárọ̀. Bàbá Wáyà, Ọjọ́bọ̀, aago méje àárọ̀. Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí kò sẹ́ni tó ní kó wá síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú. Àárọ̀ òní.

Nígbà náà ni ìbínú tòótọ́ gbé e, tí ti àárọ̀ fi dà bí eré ọmọdé.

Orí bẹ́ńṣì lójúde yàrá ìgbìmọ̀ ló ti bá Bàbá Wáyà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ẹ́ńjíníà na bébà tó tẹ̀ jáde sí i.

"Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti Wẹ́sìdeè! Ẹ wá dákẹ́, kí wọ́n lé yín, kí n máa ru ẹ̀bi yín kiri títí tí mo fi máa kú! Ṣé mo ní kẹ́ ẹ bo àṣírí mi ni? Ṣé irú ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí mi nìyẹn?"

"Ìfẹ́ wo?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, Bàbá Wáyà jágbe mọ́ ọn. "Inú ló ń bí mi! Ó ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ nílé mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ẹ pé kó o máa wò kó o tó sọ. Kí n wá gbé bébà tọ̀ ẹ́ wá, kí n máa bẹ̀ ẹ́ pé wò ó, wò ó, èmi kọ́? Mo ní kò burú, á wò ó. Àràárọ̀ ni mo ń lọ síbẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ ẹ ti wọlé."

"Ká wá ní mi ò wò ó ńkọ́?"

"Wọn ì bá lé mi." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Màá sì kó lọ sílé, màá mọ̀ pé mi ò kọ́ ẹnì kankan níṣẹ́."

Ẹ́ńjíníà sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má bẹ̀ mí níbí. Ibi tó o ti sọ ọ́ ni kó o ti lọ yí i padà."

Ilẹ̀kùn ṣí, akọ̀wé ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n wọlé.

Èèyàn márùn-ún ló jókòó yí tábìlì ká. Dókítà oníṣẹ́ abẹ wà ní ìkangun, ó ká ọwọ́ gbera, ojú rẹ̀ sì le bó ṣe le lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá Wáyà jókòó sórí àga tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ẹ́ńjíníà, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé iṣẹ́ tuntun ń lọ dáadáa, ó ṣeun, kó wá ka ìwé rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ìgbìmọ̀.

Bébà méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dojú ìwé ẹ̀sùn dé orí tábìlì. Ìbínú ṣì wà níbẹ̀, ó ń gbóná láyà rẹ̀ bíi ti àárọ̀, ṣùgbọ́n ó wò yíká yàrá náà, kò rí ẹni tó máa gbé e fún.

Ó ka ọjọ́. Ó ka aago. Ó ka ohun tó pa ráútà, ó rọra kà á, kí dókítà tí kò mọ̀ nípa ráútà lè gbọ́ ọ yé. Ó ku orúkọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, nínú yàrá ẹ̀yìn àtẹ̀gùn yẹn, Bàbá Wáyà ló tẹ orúkọ náà sínú ráútà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, tó bi í léèrè bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, tó wá ní, "Ó ti mọ̀ ẹ́ báyìí. Tó o bá ti pe orúkọ ẹ, á ṣílẹ̀kùn."

Ó pe orúkọ náà ketekete, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Èmi ni," ó wí.